Lẹ́tà Tí Tíṣà Kò Pè

Ẹni tó bá ní òun mọ Gẹ̀ẹ́sì tán, kí ó wá jókòó ti Tíṣà Pius fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Ọdún márùndínlógójì ni bàbá yìí fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Gẹ̀ẹ́sì, ní Odò-Ọwá, ní Ìjerò, ní Aramọkọ, ní Ẹ̀fọ̀n, kí ìjọba tó ní kó lọ sinmi. Ó ti padà sí Odò-Ọwá, ìlú rẹ̀, ó ń gbin iṣu díẹ̀, ó ń tọ́jú kòkó díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu tíṣà kì í sinmi. Bí ọlọ́kadà bá sọ Gẹ̀ẹ́sì tó wọ́ níwájú rẹ̀, yóò kọ́kọ́ tún un ṣe kí ó tó sanwó.

Láti ọdún tó kọjá ni àwọn ìyá ìjọ kan ti ń wá kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nínú yàrá tí wọ́n ń kó aṣọ akọrin sí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Mẹ́fà ni wọ́n. Kò sí èyí tí kò lè ka Bíbélì Yorùbá nínú wọn. Gẹ̀ẹ́sì ni ìṣòro wọn, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ọmọ-ọmọ wọn tó wà lókè òkun ń sọ lórí fóònù, ó sì ti sú wọn kí ènìyàn máa rẹ́rìn-ín sí ọmọ-ọmọ rẹ̀ láìsí ọ̀rọ̀ tó máa bá a sọ. Tíṣà kò fi ìwé kankan kọ́ wọn. Òfin kan ló fi lélẹ̀: kí olúkúlùkù mú ọ̀rọ̀ kan wá, ọ̀rọ̀ tó gbọ́ lẹ́nu ẹnìkan láàárín ọ̀sẹ̀, tí kò yé e.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, Mojọlá ló kọ́kọ́ nawọ́. Opó ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni, oko kòkó tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ ló ń bójú tó. Ìyá Ọláolúwa ni gbogbo ìlú ń pè é. Tíṣà nìkan ló kù tó ń pè é ní Mojọlá, nítorí òun ló kọ́ ọ ní kíláàsì kẹfà nígbà tí Mojọlá wà ní ọmọ ọdún méjìlá.

“Tíṣà, keep ni tèmi,” ó ní. “Gift ọmọ Ọláolúwa ló sọ ọ́. Ó ya àwòrán kan, wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi láti Kánádà, ó ní kí n keep ẹ̀. Mo tún gbọ́ ọ lẹ́nu awakọ̀ kan ní Ìjerò, ó ní kí ẹnìkan keep ṣéńjì. Lọ́jọ́ Ìsinmi, àlùfáà náà tún sọ ọ́. Ṣé nǹkan kan náà ni gbogbo wọn ń wí ni?”

Inú Tíṣà dùn bí inú ajá tó rí eegun. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ ọ̀rọ̀ náà gàdàgbà sára pátákó. Ó ní ọ̀rọ̀ kékeré ni, ṣùgbọ́n ikùn rẹ̀ gbẹrù. Ó ní bí o bá sin ewúrẹ́, o keep ewúrẹ́ nìyẹn. Bí o ṣèlérí tí o mú un ṣẹ, òun náà ni. Bí o dákẹ́, òun ni. Bí o gba ọ̀rọ̀ àṣírí tí o kò jẹ́ kí ẹ̀yìn ọrùn rẹ gbọ́, òun ni. Bí o ń ṣe nǹkan tí o kò dáwọ́ dúró, òun ni. Bí àlùfáà bá sì gbàdúrà pé kí Ọlọ́run pa wá mọ́, ọ̀rọ̀ yìí kan náà ló ń lò.

“Ọkọ tèmi náà keep obìnrin kan sí Ìjerò nígbà ayé rẹ̀,” Ìyá Philip, ọ̀kan nínú wọn, sọ láti ẹ̀yìn, “ọdún méje gbáko.” Ẹ̀rín sọ. Tíṣà gan-an rẹ́rìn-ín débi pé ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún.

Ẹ̀rín yẹn kò tíì rọlẹ̀ tán tí Mojọlá tún fi nawọ́. “Tíṣà, bí wọ́n bá wá fi nǹkan rán ẹnìkan, pé kó lọ fún lágbájá, tí kò fún un, tó gbé e sọ́dọ̀ ara rẹ̀ ńkọ́? Ṣé keep náà ni?”

Kò ní ohun kan lọ́kàn o. Ọláolúwa fi aṣọ òtútù ránṣẹ́ sí i láti Kánádà, awakọ̀ tó gbà á ní Èkó kò gbé e dé, ìyẹn ló ń bí i nínú. Ṣùgbọ́n Tíṣà Pius rò pé òun ló ń bá wí. Ó ní, “Òun náà ni.” Ó mú àkísà, ó nu pátákó, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó tíì kọ ọ̀rọ̀ náà tán nínú wọn. Ó ní kí wọ́n máa lọ sílé, pé orí ń fọ́ òun. Irọ́ ni, orí kò fọ́ ọ. Ẹ̀rí ọkàn ló ń jẹ ẹ́, èyí kò sì ní oògùn ní kẹ́mísì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣe fún yín, nítorí òun fúnra rẹ̀ kò sọ ọ́ fún ẹ̀dá kankan fún ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta.

Ní ọdún 1976, kò sí ẹni tó ní àpótí lẹ́tà ní Odò-Ọwá àfi ilé ìwé. Gbogbo lẹ́tà ìlú, àpótí ilé ìwé tó wà ní pósítọ́fíìsì Ìjerò ni wọ́n ń gbà wọlé. Pius ni tíṣà tó kéré jù, ẹni ọdún méjìlélógún, òun ni wọ́n ń rán. Yóò gun kẹ̀kẹ́ lọ kó lẹ́tà ní àárọ̀ Sátidé. Bó bá di ọjọ́ Ìsinmi, tí àlùfáà bá ti ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán, yóò dúró lórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì, yóò máa pe orúkọ olúkúlùkù sókè kí wọ́n wá gba lẹ́tà wọn. Gbogbo ìjọ á pé lé e lórí. Ẹni tí wọ́n pè á gbéra bí ẹni tí wọ́n fi joyè. Ẹni tí wọn kò pè á máa wo ilẹ̀.

Lọ́dún náà, ọmọ mẹ́rin láti kíláàsì rẹ̀ ló jókòó ìdánwò àtiwọ ilé ìwé gíga. Ọkùnrin méjì, obìnrin méjì. Esther àbúrò Pius wà nínú wọn, Mojọlá náà sì wà nínú wọn. Bàbá Pius ni Bàbá Ìjọ nígbà náà. Ó ti ra àpótí onírin fún Esther, ó ti ń fi han àlejò. Jacob, bàbá Mojọlá ní tirẹ̀, ẹmu ló ń dá, orí ilẹ̀ bàbá Pius ló sì ti ń dá a. Ní Sátidé kan, lẹ́tà mẹ́ta dé. Ti àwọn ọkùnrin méjì. Ti Mojọlá. Kò sí ti Esther.

Pius fi ọ̀bẹ la ti Mojọlá, ó kà á. Ó wá rò ó wò: bàbá òun níwájú ìjọ, àpótí onírin nílé, ọmọ adẹ́mu tó ń dìde lọ gba lẹ́tà, Esther tó ń wo ilẹ̀. Kò lè gba ìyẹn mọ́ra. Ó fi lẹ́tà yẹn sáàárín ìwé orin rẹ̀. Kò ní in lọ́kàn láti jalè, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ó ní tó bá di ọjọ́ Ajé òun á yọ́ lọ bá Jacob nílé, òun á fún un ní kọ̀rọ̀, kí ojú má ti ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ Ajé, òjò rọ̀ láti òwúrọ̀ dalẹ́. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, alábòójútó ilé ìwé wá bẹ̀ wọ́n wò. Lọ́jọ́rú, ó dé ẹnu ọ̀nà Jacob, ó bá àwọn èrò níbẹ̀, ó kí wọn, ó padà. Sátidé tó tẹ̀ lé e ni ọjọ́ tí wọ́n pe Mojọlá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Sátidé wá, Sátidé lọ. Ta ló máa wá gbé lẹ́tà tó ti kú fún ẹni tó ni ín?

Ó sì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn ni Jacob fi dúró dìgbà tí Pius pe orúkọ tó kẹ́yìn. Lọ́jọ́ Ìsinmi kẹta, ó sún mọ́ ọn, ó ká fìlà lọ́wọ́, ó ní, “Tíṣà, ṣé kò sí tiwa?” Pius ní, “Kò sí, bàbá.” Ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn ni kì í jẹ́ kó sùn dáadáa títí dòní. Esther tún ìdánwò ṣe lọ́dún kejì, ó wọlé, ó di nọ́ọ̀sì, ó ti fẹ̀yìn tì ní Àkúrẹ́. Lẹ́tà yẹn bá Pius dé Ìjerò, ó bá a dé Aramọkọ, ó bá a dé Ẹ̀fọ̀n. Ó gbìyànjú àtisun ún lẹ́ẹ̀kan, ọwọ́ rẹ̀ kò gbé e sínú iná.

Àwọn ìyá yòókù ti lọ tán, Mojọlá dúró, ó ń to àga. Nígbà tó tò ó tán, ó wá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

“Tíṣà, ẹ ṣeun o. Olúwa á tọ́jú yín. N kò ní wá mọ́.”

“Kí ló dé?”

“Orí mi ò gba ùwé.” Bí nǹkan bá ti dun Mojọlá, Èkìtì inú rẹ̀ á jáde. “Ní ulé lánàá, mo sọ Gẹ̀ẹ́sì kan fún Gift lórí fóònù, ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí, ó ní kí bàbá òun wá gbọ́. Mi ò bínú sí i. Ọmọdé ni. Mo kàn rí i pé mò ń da ara mi láàmú ni. Bó bá tún pè, mo máa juwọ́ sí i, kí n gbé fóònù fún ẹlòmíì. Olódo ni mí, Tíṣà, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin gan-an mọ̀. Látugbà tí mo ti feélì ìdánwò ùjọ́sí ni mo ti mọ irú orí tí mo gbé wáyé.”

Tíṣà Pius wo obìnrin náà níbi tó kúnlẹ̀ sí. Ní gbogbo ọdún yìí, ohun tó ń rò ni pé ilé ìwé lòun gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyẹn nìkan ti tó ẹ̀ṣẹ̀. Kò mọ̀ pé ó tún gba orí mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìtìjú bò ó láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀.

“Jókòó dè mí,” ó ní. “Má lọ o. Mò ń bọ̀.”

Ilé rẹ̀ kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó fa àpótí jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó yọ lẹ́tà náà. Nígbà tó ń padà bọ̀, irọ́ kan tó mọ́ tónítóní wá bá a lójú ọ̀nà: ó lè ní òun ń tún ẹrù òun tò ni, òun ṣàdédé rí i láàárín ìwé àtijọ́, bóyá pósítọ́fíìsì ló kó o mọ́ nǹkan mìíràn. Ta ló máa já a níyàn? Gbogbo ẹni tó lè jẹ́rìí ti wà ní itẹ́ òkú. Ó tilẹ̀ ti ń tún irọ́ náà ṣe lẹ́nu bó ṣe ń tún Gẹ̀ẹ́sì ọlọ́kadà ṣe.

Ó na lẹ́tà sí Mojọlá. “Mo ń tún ẹrù mi tò ni,” ó bẹ̀rẹ̀. Mojọlá ń wò ó bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń wo tíṣà, ó ti ṣe tán láti gba ohunkóhun tó bá sọ gbọ́. Ìyẹn ló bà á nínú jẹ́. “Rárá,” ó ní. “Irọ́ ni mo fẹ́ pa. Mojọlá, tìrẹ ni lẹ́tà yìí. Ó dé lọ́dún 1976. Èmi ni mo gbà á ní Ìjerò. Èmi ni mo tú u. N kò pè é, nítorí pé Esther kò rí tirẹ̀ gbà. Bàbá rẹ bi mí, mo ní kò sí.”

Mojọlá gba ìwé náà, ó tẹ́ ẹ sórí itan. Tíṣà nawọ́ pé kí òun bá a kà á, Mojọlá gbá ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fúnra rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, ó ń fi ìka tẹ̀ lé e. Níbi tó bá le, á gbójú sókè, Tíṣà á sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún un gẹ́gẹ́ bó ṣe ń ṣe ní kíláàsì, nítorí kò sí ohun mìíràn tó lè ṣe. Ìwé náà sọ pé Mojọlá, ọmọ Jacob, yege nínú ìdánwò. Ó ní kí ó wá ní ọjọ́ Sátidé fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Ó ní kí òbí rẹ̀ tàbí tíṣà rẹ̀ mú un wá.

“Tàbí tíṣà rẹ̀,” Mojọlá tún un sọ. Ó pa ìwé náà dé, ó tún ṣí i. “Mo yege?”

“O yege.”

“Èmi?”

“Ìwọ.”

Tíṣà Pius, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ńtì fún ọmọ tó kọ́ ní kíláàsì kẹfà. Ó ń bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí ó bú òun, kí ó lọ sọ ọ́ fún ìjọ, kí ó ṣe òun bó ṣe fẹ́. Mojọlá kò tilẹ̀ wo ibi tó wà. Ẹnu ọ̀nà ló ń wò.

“Tọ́lá,” ó ní.

Tíṣà gbórí sókè. Ó mọ Tọ́lá, àkọ́bí Mojọlá, ẹ̀gbọ́n Ọláolúwa, tó ń dín gàrí ní Ayétòrò.

“Ó wà ní kíláàsì kejì,” Mojọlá ní. “Ó gbé ìpò ìkẹyìn. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Tíṣà rẹ̀ ní kí n fi í sílẹ̀, pé ara rẹ̀ ni kò yá, pé yóò bọ́ sípò. Mo ní rárá. Mo ní èmi ló fi jọ, orí mi ló gbé, kí n má fi àkókò ọmọ ṣòfò. Mo mú un kúrò, mo fi í ti àgbàdá gàrí. Ọmọ ọdún méje. Ó sunkún, ó di ilẹ̀kùn kíláàsì mú, èmi ni mo já ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Ọláolúwa ni mo jẹ́ kó kàwé, mo ní ìyẹn gba orí bàbá rẹ̀.” Ó yíjú sí i wàyí. Omi kò sí lójú rẹ̀, ìyẹn sì burú ju ẹkún lọ. “Ẹ wo ohun tí ẹ fi mí ṣe, Tíṣà. Ẹ sọ mí di irú yín.”

Tíṣà tún dojú bolẹ̀.

“Ẹ dìde. Kì í ṣe èmi lẹ máa bẹ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ.”

Wọ́n gun ọ̀kadà méjì lọ sí Ayétòrò. Mojọlá wà níwájú, ó fi lẹ́tà náà sínú Bíbélì rẹ̀, ó gbá a mọ́ àyà. Ọlọ́kadà tó gbé Tíṣà ń bá a sọ Gẹ̀ẹ́sì kan tó dorí kodò, Tíṣà kò tún un ṣe. Ohun tó ń rò ni ọmọ ọdún méje tó di ilẹ̀kùn mú, ọmọ tí kò tíì sí láyé lọ́jọ́ tí òun fi ìwé sáàárín ìwé orin. Ó ti rò pé òun mọ ìwọ̀n ẹ̀ṣẹ̀ òun. Kò mọ̀ ọ́n rárá.

Wọ́n bá Tọ́lá nídìí àgbàdá, ẹni ọdún méjìlélógójì, èéfín ti sọ ojú rẹ̀ di pupa. Bó ti rí wọn, ó kúnlẹ̀ sórí eérú. “Tíṣà! Ẹ kú ùrọ̀lẹ́ o. Màmi, kí ló dé o? Àbí ẹnìkan kú ni?”

“Kò sẹ́ni tó kú,” Mojọlá ní. Ó yọ lẹ́tà náà. Ó ti ń wá ohun tó máa sọ láti ọ̀nà, kò sì rí i. Ó na ìwé sí ọmọ rẹ̀. “Gbà. Kà á.”

Tọ́lá wo ìwé, ó wo ìyá rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò ní ìkùnsínú kankan nínú. “Màmi, ṣé ẹ ti gbàgbé ni? Èmi tí n kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ‘A’ àti igi tí mo fi ń ro gàrí?”

Ọwọ́ Mojọlá dúró lófuurufú. Tọ́lá nu ọwọ́ méjèèjì mọ́ ìró rẹ̀, ó nù wọ́n dáadáa kí ìwé má bàa dọ̀tí, ó wá gbà á lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí Tíṣà Pius.

“Ẹ bá wa kà á, Tíṣà,” ó ní. “Ẹ̀yin kúkú la ní.”

Tíṣà gbà á. Ó yọ awò ojú rẹ̀ jáde, ó gbé e wọ̀. Mojọlá yíjú sí iná, ó ń dúró kó bẹ̀rẹ̀.